Ọ̀rọ̀ Tí Ìbídùn Kò Lè Sọ Tán

Ní abúlé Ìlọ́nà, níbi tí ìkùukùu kì í ti í tètè kúrò lórí òrùlé, iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ ni láti sọ ọ̀rọ̀ di nǹkan. Àlejò á dé, á sọ ohun tó ń fẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà á tẹ́tí, á sì mú àáké. Ohun tó bá wọlé bí ọ̀rọ̀ á jáde bí ọpọ́n, bí ìlẹ̀kùn, bí àga. Àjàdí ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlọ́nàdé. Èyí tí kò bá pé, ńṣe ló ń dá a padà.

Ní òwúrọ̀ kan, Ìbídùn pọn ọmọ wá. Ìbejì ló bí, ṣùgbọ́n Táyé ti kú. Láti ìgbà náà ni Kẹ́hìndé kò ti mu ọmú mọ́. Òfuurufú ló ń wò ṣáá, bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òkèèrè. Ère Táyé nìkan ló lè dá a dúró. Èèwọ̀ sì ni kí a sọ ikú ìbejì létí èkejì rẹ̀, kí ó má baà tẹ̀lé e lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Ìbídùn wí. “Nítorí Táyé ni mo ṣe wá. Táyé…”

“Kí ló fẹ́? Àga? Ọpọ́n?” ni Àjàdí bi í. “Ẹ sọ ọ́ tán, ìyá. Ọkùnrin kan ní àga lòun fẹ́, kò sọ bó ṣe tóbi tó. Ewúrẹ́ rẹ̀ nìkan ni àga náà gbà!”

Ìbídùn la ẹnu. Kẹ́hìndé gbé orí sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yára pa ẹnu dé.

“Ẹ máa lọ nígbà náà. A kò lè gbẹ́ ìdákẹ́jẹ́,” ni Àjàdí wí.

Ìbídùn ti yí padà kí Ọlọ́nàdé tó yọjú. Àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà náà wo ọmọ kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ìyá náà, ó wo ọ̀já kejì tó so kọ́ èjìká lásán.

“Ẹ jókòó, ìyá mi.”

Kò bi í ní nǹkan kan. Ó mú igi ìrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Èérún igi ń bọ́ bí òdòdó. Ìró ọ̀bẹ rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Ojú kékeré yọ, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, irun dídì yọ. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Kẹ́hìndé. Ọmọ náà fọwọ́ kan ojú ère, ó wò ó pẹ́, pẹ́, ó sì yí orí, ó ń wá ọmú ìyá rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Àjàdí wí jẹ́ẹ́jẹ́, “kí ló sọ fún yín tí kò sọ fún mi?”

“Ohun tó sọ fún ọ náà ni.”

Láti ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.