Ìdí Tí Adìẹ Fi Ń Fẹsẹ̀ Tú Òkìtì Àgbàdo Ká

Nígbà láéláé, kí adìẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ walẹ̀, iṣẹ́ àgbàṣe ló fi ń jẹun. Oko ilá Erin ló ti ń bá wọn ṣa kòkòrò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Erin á na ọwọ́jà rẹ̀, á da àgbàdo díẹ̀ síwájú Adìẹ. Á jẹ ẹ́ tán lójú ẹsẹ̀, á lọ sùn.

Ètò yìí dára fún ẹni tí kò ní ẹyin nílé. Adìẹ ní ẹyin. Ọjọ́ tí kò bá lọ sóko, ebi ni. Ọjọ́ tó bá sì lọ, ẹyin á tutù, á dòbu. Ó ti sàba léraléra, kò pa ọmọ kan ṣoṣo. Ó ń dùn ún débi pé bí ìyá kan bá kó ọmọ kọjá, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ níwájú Erin.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní ojoojúmọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kó di òṣooṣù. Bí mo bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, màá fi jókòó ti ẹyin mi."

Erin ní, "Ó yé mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ẹni tó bá gba ti oṣù kì í padà wá tọrọ. Títí wàá fi pamọ tán, mi ò mọ̀ ọ́ rí."

"Mo gbà, Bàbá."

Oṣù yẹn gùn! Koríko ni Adìẹ ń jẹ lọ síbi iṣẹ́, koríko ló ń jẹ bọ̀. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé kòkòrò ṣeé jẹ, ẹ má bi mí bí kò ṣe mọ̀. Ká ní ó ní eyín ni, ì bá pa á keke.

Nígbà tí oṣù tuntun lé, Erin da òkìtì àgbàdo kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ga ju Adìẹ lọ. Adìẹ yé ẹyin rẹ̀, ó sàba, inú rẹ̀ ń dùn.

Ọkọ rẹ̀ ni Àkùkọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó jí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó fò sórí òkìtì náà, ó na ọrùn.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko! Ìyàwó mi ti gba ti oṣù o!"

"Olówó orí mi, ẹ rọra pariwo."

"Ṣé ká fi oríire bo mọ́lẹ̀ ni?"

Ẹ mọ̀ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Ẹni tó wá báni yọ̀, a kì í jẹ́ kó lọ lófìfo. Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ dé. Ó ní òun ò ní pẹ́, ó sì jókòó ti òkìtì. Tòlótòló tí kò kí Adìẹ láti ọjọ́ pípẹ́ dé, ó dì mọ́ ọn.

"Ìyá Òròmọ, ẹ kú oríire o!" ni Pẹ́pẹ́yẹ ń wí, àgbàdo kún ẹnu rẹ̀.

Ìyá Òròmọ! Kò sẹ́ni tó pe Adìẹ bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ náà wọ̀ ọ́ lára, ló bá ní kí wọ́n tún bù sí i.

Kí oòrùn tó wọ̀, òkìtì náà kò kọjá orúnkún Adìẹ mọ́. Pẹ́pẹ́yẹ nu ẹnu. "Àwọn mọ̀lẹ́bí mi tó wà lódò ò tíì gbọ́. Màá kó wọn wá láàárọ̀ ọ̀la."

Adìẹ wo òkìtì, ó wo ẹyin. Bí wọ́n bá jẹ èyí tó kù yìí, á tún dìde lórí ẹyin, ẹyin á tún dòbu. Kò sì lè lé àlejò, ojú á tì í.

Bí àwọn àlejò ṣe lọ tán, ó dìde. Ó bọ́ sórí àgbàdo, ó fẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a, ó fi tòsì gbá a. Àgbàdo fò wọnú koríko, ó bọ́ sínú iyanrìn, ó há sábẹ́ òkúta.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?" Àkùkọ figbe ta. "Oúnjẹ odidi oṣù!"

"Orí mi pé, baálé mi. Èyí tó bá wà lókìtì, ọjọ́ kan ni wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Èyí tó bá fọ́n ká, ojoojúmọ́ la ó máa wá a."

Ilẹ̀ mọ́, Pẹ́pẹ́yẹ kó ẹbí rẹ̀ dé, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn.

"Òkìtì ńkọ́?"

"Ó wà nílẹ̀. Ẹ ṣáà walẹ̀, ẹ ó rí i."

Pẹ́pẹ́yẹ wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ. Tòlótòló tó tún yà wá sọ pé àlejò kì í walẹ̀ nílé onílé. Wọ́n bá dágbére, wọ́n lọ.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti mú, Adìẹ á sáré bọ́ sílẹ̀, á walẹ̀, á ṣa àgbàdo mélòó kan, á sì padà kí ẹyin tó tutù. Nígbà kan, ekòló ló hú jáde. Ó tọ́ ọ wò, ó dijú, ó tún walẹ̀ sí i. Ebi kọ́ Àkùkọ náà ní wíwalẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí hóró kan péré, á ṣì ké pe gbogbo ilé.

Lọ́jọ́ kan, nǹkan ta lábẹ́ ìyẹ́ Adìẹ. Ó tún ta. "Pío." Ẹkún ayọ̀ ni Adìẹ ń sun.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń fẹsẹ̀ walẹ̀, tó sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Da odidi igbá àgbàdo síwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi tú u ká. Àwọn èèyàn á máa fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kò mọ oore. Ẹ bá mi wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn dáadáa. Lọ́jọ́ tó gbowó oṣù, ẹran ló fi ń ti ẹran lọ́fun. Kí oṣù tó dé ìdajì, gààrí gbẹrẹfu ló ń fọ́n sẹ́nu, tí adìẹ rẹ̀ sì ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé.