Ohun Tó Ń Kán Lábẹ́ Jíìpù Túbọ̀sún

Ní ìlú Ìsàlẹ̀-Àpáta, awakọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Ọlátúbọ̀sún. Jíìpù àlòkù kan ló ní, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ mìíràn ní agbègbè náà tó lè gun ọ̀nà olókùúta tó lọ sí Òkè-Ìyànjú, abúlé tó ti fẹ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́, ìyàwó rẹ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wọn, obìnrin. Ìkómọ ku ọ̀la, ilé sì ti ń hó yèè.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí: ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Olókè. Ẹsẹ̀ ń dun màmá yìí, kò lè fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tó ti búra pé òun kò ní jókòó sínú ọkọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn láéláé. Ọmọ-ọmọ ló mú un yẹ ìbúra rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ ní kí ọkọ ọmọ mi wá gbé mi. Èmi ni n ó kọ́kọ́ pe ọmọ yẹn lórúkọ."

Báyìí ni Túbọ̀sún ṣe jí ní kùtùkùtù, tó ń fọ jíìpù, tó ń súfèé. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i, "Bàbá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ!" Òun náà ń dáhùn, eyín rẹ̀ ò wọlé. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ iwájú ọkọ̀. Omi dúdú kan ti kán sílẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ti rí irú rẹ̀ níjẹta, ó sì fi àkísà nù ún. Ó tún ti padà wá.

Ó sáré ké sí Lánihùn, mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lánihùn wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Jíìpù yín náà ń tọ̀ sílẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni."

Wọ́n wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò dín rárá. Wọ́n ṣí ìdérí ọ́ìlì bíréèkì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ̀rín Lánihùn tán lẹ́nu. Ta ni kò mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ìyànjú? Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá kọ̀ níbẹ̀, inú ọ̀gbun ló ń lọ.

Lánihùn rọ ọ́ìlì bíréèkì mìíràn sí i. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iwájú ló ń kán, iwájú náà ló dojú ìjà kọ. Ó tú táyà iwájú, ó pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fún gbogbo páìpù tó wà níbẹ̀ le. Wọ́n nu ilẹ̀ gbẹ, wọ́n dúró wò ó. Tó! Tó! Ó tún ń kán.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ yọjú lójú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. "Bàbá ọmọ, ẹ ò tíì lọ? Màmá mi á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ o!"

"Mò ń lọ, ìyá ọmọ. Mò ń bọ̀ wá lọ."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Bó bá lọ, ó lè pa ìyá oníyàá. Bí kò bá lọ, ìkómọ yóò kọjá láìsí màmá náà níbẹ̀.

Ojúde wọn dà gẹ̀rẹ́, ìsàlẹ̀ ni Túbọ̀sún sì máa ń dojú jíìpù kọ, torí bátìrì rẹ̀ ti darúgbó. Bí kò bá fẹ́ jí, á jẹ́ kó yí lọ títí yóò fi jí. Lánihùn ní kó gbé e lọ sórí àpáta tó tẹ́jú lẹ́yìn ilé, kí òun lè rọ́nà wọ abẹ́ rẹ̀. Ìkánjú ò jẹ́ kí Túbọ̀sún wo iwájú. Orí láfún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fẹ̀hìntọlá, sá sórí àpáta ló kó táyà lé. Táyà lọ láfún kúnná, ìyẹ̀fun sọ gùù, ó bo jíìpù tọwọ́-tẹsẹ̀.

"Yéè! Láfún mi!" Fẹ̀hìntọlá ti dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Túbọ̀sún, ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Ṣé jíìpù ló fẹ́ jẹ ọkà ni?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú." Ó wólẹ̀ lórí àpáta láti bẹ̀ ẹ́. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí ló ti rí abẹ́ ọkọ̀. Ó gbàgbé ẹ̀bẹ̀.

Gbogbo abẹ́ jíìpù ti funfun báláú. Àfi ìlà kan ṣoṣo tó tutù, tí láfún ti di lẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, bí ipa ìgbín lára ògiri. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú tó ń kán, ó gba ara irin gígùn tó gbé ọkọ̀, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń lọ, títí dé òkè táyà ẹ̀yìn.

"Lánihùn! Ẹ̀yìn ni! Ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀!"

Àwọn méjèèjì rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Túbọ̀sún ké jáde pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì!"

"Ẹ ba láfún mi tán, ẹ tún fẹ́ sọ mí di dẹ́rẹ́bà?" Síbẹ̀ ó wọlé, ó sì fi gbogbo ìbínú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Fìì! Ọ́ìlì tú jáde láti ẹ̀yìn, ó bá Lánihùn lójú. Lánihùn pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Páìpù ẹ̀yìn ti ń ha irin títí ó fi lu, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tí jíìpù bá dorí kodò lójúde, ọ́ìlì á ṣàn gba ara irin lọ síwájú, á fọ gírísì àtijọ́ mọ́ra, á sì di dúdú kó tó kán.

Wọ́n pààrọ̀ páìpù, wọ́n rọ ọ́ìlì, wọ́n lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Túbọ̀sún tẹ̀ ẹ́ wò, ó le bí òkúta. Ó ṣíná, ó gbọ̀nà òkè.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, Ìyá Olókè di ojú, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń pe oríkì bàbá rẹ̀. Ní kọ́nà tó burú jù, ewúrẹ́ kan fò já sójú ọ̀nà. Túbọ̀sún tẹ bíréèkì. Jíìpù dúró gbọnyin.

Màmá la ojú kan. "Ṣé a ti délé ni, ọkọ ọmọ mi?"

"Rárá mà, ewúrẹ́ ló ń kọjá."

"Jẹ́ kó kọjá. Bóyá ó ti gbọ́ pé ìkómọ wà, ló ṣe ń sá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Olókè gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó pè é ní Ìyádùnní kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Bí àwọn àlejò ṣe ń jẹun ni Lánihùn ń ròyìn bí òun ṣe fi gbogbo òwúrọ̀ tú iwájú ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn lẹ́yìn, tí wọ́n ń nu ilẹ̀ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu gbogbo agboolé, ó sì tàn dé ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Àpáta fi ń pa á lówe, bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ tí kálukú ń pariwo lé ohun tó hàn sójú, pé ibi tó ń kán sí kọ́ ló ti ń jò. Ẹni tó nu ilẹ̀ kò tíì dí ihò.