Etu Tó Kọ̀ Láti Jáde Lẹ́wọ̀n

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá lórí Etu ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ó gba ọ̀dọ̀ Ẹkùn ọba kọjá, ó wá já sí etí odò.

Ẹkùn gba odò lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Odò kan ṣoṣo ló wà ní Igbó Olódòkan, gbogbo ẹranko ló sì ń mu ún. Lọ́jọ́ tí Ẹkùn jọba, ó ní láti òní lọ, àwọn eléèékánná nìkan ni yóò máa mu odò. Ẹranko tó bá ní pátákò lẹ́sẹ̀, kó lọ máa lá ẹrẹ̀. Etu, Ẹfọ̀n, Àgbọ̀nrín àti Ẹlẹ́dẹ̀-igbó, àwọn ló ń ro oko ọba, àwọn ló ń ru iṣu ọba wálé. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń lá.

Etu lọ sí ààfin. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Kábíyèsí, odò yìí, ta ló gbẹ́ ẹ?"

Ẹkùn ní, "Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ rọ òjò tó kún inú rẹ̀?"

"Èmi kọ́."

"Kí ló wá sọ ọ́ di tiyín?"

Àwọn ìjòyè tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ẹkùn bú ramúramù. Wọ́n wọ́ Etu nílẹ̀ gbẹrẹrẹ, ó di inú ihò àpáta. Gbàgà, ilẹ̀kùn ti tì.

Ìkookò ni wọ́dà ibẹ̀. Òkúta ni Etu ń fọ́, kọ́ọ́, kọ́ọ́, kọ́ọ́, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ẹkùn sì tún ṣe òfin kan: bí ẹlẹ́wọ̀n bá kíni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí? Ẹni tó ń bínú síni pàápàá, bí a bá kí i, á fi imú dáhùn.

Etu kò torí ìyẹn fi kíkí sílẹ̀. Bí Ìkookò bá dé lówùúrọ̀, "Wọ́dà, ẹ káàárọ̀ o." Ìkookò á dijú. Bó bá gbé ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ tán wá, "Wọ́dà, ẹ kú ìnáwó." Bó bá jókòó tó ń yán, "Ẹ kú ìjókòó o." Ìkookò á kẹ̀yìn sí i, ẹ̀rín á máa mì í léjìká.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn onípátákò ń kùn, wọ́n ní Etu làwọn ń fẹ́. Ẹkùn rán Ìkookò sí i.

Ìkookò ní, "Ọba ní kó o máa lọ sílé. Kó o ṣáà má dárúkọ odò mọ́."

Etu ní, "Ẹ kú ìrìn, Wọ́dà. Ṣé odò ti ṣí?"

"Kò ṣí."

Etu gbé òòlù rẹ̀, ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é.

Wọ́dà, mo kí yín o,
*Ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣọ̀ọ̀.*
Ẹ bá mi wí fọ́ba,
*Ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣọ̀ọ̀.*
Ọba kọ́ ló rọ̀jò,
*Ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣọ̀ọ̀.*
Bódò ò bá ṣí fún wa,
*Ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣọ̀ọ̀,*
Èmi ò ní jáde o,
*Ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣọ̀ọ̀.*

Nígbà tó yá, Ẹkùn tún rán Ìkookò. "Ọba ní kó o jáde, kó o wá máa mu odò. Ìwọ nìkan o."

"Ẹ kú ìrìn, Wọ́dà. Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹrẹ̀."

"Ẹfọ̀n ńkọ́?"

"Ẹrẹ̀ náà ni."

"Ẹlẹ́dẹ̀-igbó ńkọ́?"

"Ìyẹn tiẹ̀ fẹ́ràn ẹrẹ̀."

Etu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé òòlù, ó tún kọrin. Ẹ gbè é.

*Ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣọ̀ọ̀.*

Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú Ìkookò pọ́n nígbà tó dé. Ìyá rẹ̀ ló kú lánàá. Ẹkùn kò kí i, ó kàn ní kó yára lọ jíṣẹ́ òun. Ìkookò ní, "Ọba ní òun á fi ọ́ joyè. Wàá nílé, wàá lóko, wàá lómi."

Etu gbé òòlù sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta. "Wọ́dà, mo gbọ́ ẹkún láti ilé yín lánàá. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn Màmá á dáa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

Ìkookò wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "A dúpẹ́. Ẹ ṣé gan-an, Bàbá."

Ó dá a lóhùn! Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. "Mi ò tilẹ̀kùn yìí mọ́. Ẹ máa lọ."

Etu ní, "Ṣé odò ti ṣí?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ ò lè gbàgbé odò yìí."

"Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ àwọn onípátákò."

Ìkookò kúrò níbẹ̀, ó gba àárín ọjà kọjá, ó ń fi ohùn rẹ̀ ńlá kọ orin Etu. Àwọn onípátákò gbọ́ orin ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu wọ́dà, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, gbì, gbì, gbì. Ajá bá wọn gbè é. Ológbò náà bá wọn gbè é. Koríko bo oko ọba. Ẹkùn fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́, èékánná rẹ̀ há sí èrúkọ́, kò rí iṣu kan ṣoṣo wà.

Ebi lé e dé ihò àpáta. Ó ní, "Etu, odò ti ṣí. Jọ̀ọ́, jáde."

Etu jáde, irun orí rẹ̀ ti funfun. Ẹkùn ṣí adé, gbogbo ìlú sì ní Etu làwọn fẹ́ kó jọba.

Wọ́n gbé e lọ sí etí odò. Àwọn onípátákò ti dúró síbẹ̀ bí ògiri, wọn ò jẹ́ kí àwọn eléèékánná kọjá. Àwọn ọmọ Ẹkùn ń sunkún omi.

Ẹfọ̀n ní, "Kábíyèsí, ó kàn wọ́n láti lá ẹrẹ̀. Ẹ pàṣẹ."

Etu wo Ẹkùn. Ó rántí àwọn ọmọ tirẹ̀ tó dàgbà nígbà tí òun wà lẹ́wọ̀n. Ó dùn ún.

Ó ní, "Ẹfọ̀n, bí mo bá ti odò yìí, èmi náà ti di Ẹkùn nìyẹn. Ẹ yà fún àwọn ọmọdé, tiwọn àti tiwa. Ẹkùn, ìwọ sọ ohun tó o ṣe ná."

Ẹkùn kùn wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹlẹ́dẹ̀-igbó ní, "A ò gbọ́ o."

Ẹkùn gbé ohùn sókè. "Mo gba odò tí kì í ṣe tèmi."

Etu ní, "Ó dáa. Bọ́ sẹ́yìn, kó o tò."

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí Ọlọ́run dá fún gbogbo wa, ọba kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tì í mọ́ wa. Ẹni tí wọ́n bá sì rẹ́ jẹ, bí agbára bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kó má rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Etu ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó jẹ́ kí gbogbo ìlú mu tán kí òun tó mu.