Òkìtì Ẹ̀gúsí tó Kan Àjà

Ìṣirò kan ṣoṣo ni Ìbídùn mọ̀ nípa iṣẹ́: bí oòrùn bá yọ, kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí oòrùn bá wọ̀, kí ó nà ró, kí wọ́n sì fún un lóúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lóko bàbá rẹ̀. Ẹni tó kọ ogún ebè àti ẹni tó kọ mẹ́wàá, oòrùn kan náà ló pa wọ́n, inú àwo kan náà ni wọ́n sì ń tọwọ́ bọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti béèrè lọ́jọ́ tó pọn ọmọ rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ sí ilé Ṣẹ̀gilọlá, ìyá ẹlẹ́gùúsí, ní abúlé Ìdí-Emi.

Àjàdí ọkọ rẹ̀ ti lọ sóko ọ̀nà jíjìn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò tíì dé. Èlùbọ́ tó fi sílẹ̀ ti ku ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ọmọ wọn, Àkànjí, ọmọ oṣù mẹ́jọ, á fa ọmú títí, á tu ú sílẹ̀, á wá máa wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Oorun kò kùn Ìbídùn mọ́. Ńṣe ló ń fi ìka tọ ìhà ọmọ náà wò, bóyá egungun ti ń yọ.

Ṣẹ̀gilọlá ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan. Díẹ̀ ló kù kí Ìbídùn fẹ̀yìn rìn. Ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó ló kún ibẹ̀. Ó ga kan àjà, ó sì ya wá sẹ́nu ọ̀nà bí yanrìn etí odò.

"Igbá yìí ni òṣùwọ̀n," ni Ṣẹ̀gilọlá wí. "Bó o bá bó o kún ìgbà márùn-ún, tó ní orí ṣóńṣó, ọ̀kan tìẹ ni nínú ẹ̀. Bí kò bá tíì pé márùn-ún, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Òní, ọ̀la, ọ̀túnla. Ọjọ́ kejì ẹ̀ lọjà."

Igbá ẹ̀gúsí bíbó kan lọ́jà náà, odindi apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ ni. Ó lè gbé ìyá àti ọmọ dé ìgbà iṣu tuntun. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Ìgbà tí àkùkọ kọ lọ́jọ́ náà ló ti dé, ojú ẹsẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀. Ó bó ẹ̀gúsí mẹ́ta, ó wo òkìtì, ó mí kanlẹ̀. Ó bó méjì, ó tún wò ó. Oòrùn ti kan àtàrí kí ìyá àgbà kan tó fi ọ̀pá tọlẹ̀ wọlé. Olúwẹ̀rí lorúkọ rẹ̀. Ìgbóná ló fọ́ ọ lójú méjèèjì nígbà ọmọdé. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ó ń sọ ìtàn ìgbà tí wọ́n gbé e níyàwó. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, igbá méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan péré ni Ìbídùn ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ni Ìbídùn wí fún Ṣẹ̀gilọlá, "àkùkọ kò tíì kọ tán tí mo ti wà níbí. Ìyá àgbà yìí, ọ̀sán gangan ló dé!"

"Mo rí ẹ, ọmọ mi. Àmọ́ ṣé oòrùn ni mo ní kó o bá mi bó ni?"

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn gbé ọmọ pọ̀n, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbídùn tún tètè dé ju ti àná lọ. Kò dìde jẹun, kò dìde mumi. Igbá kan péré náà ló kún. Nígbà tí ọjọ́ kẹta fi mọ́, méjì ló ní lápapọ̀, ó ku mẹ́ta. Ó wo òkìtì. Àkànjí ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Omi bọ́ lójú Ìbídùn sórí ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà tètè dé lọ́jọ́ yẹn. Ó yí orí sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìyá Àkànjí, mo ń gbọ́ ẹ láti ìjẹta. Pẹ́, pẹ́, pẹ́, ọwọ́ á bá dákẹ́. Kí lò ń wò?"

"Òkìtì náà ni, Ìyá."

"Ó pọ̀ ni?"

"Ó kan àjà."

"Háà!" Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bó ẹ̀gúsí nílé yìí, ẹnì kan ò sọ fún mi rí! Lọ́dọ̀ tèmi, ẹ̀gúsí kan ṣoṣo ló wà láyé: èyí tó wà láàárín ìka mi."

Ìbídùn wo ọwọ́ arúgbó náà. Wọn kò sáré rárá, ṣùgbọ́n wọn kò dúró. Ó bá tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ojú ara rẹ̀ pinpin.

"Èèmọ̀!" ni obìnrin ilé kan ké. "Ìyá Àkànjí, ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Ó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìjẹta," ló fi dáhùn.

Nínú òkùnkùn náà, ẹ̀gúsí kọ́kọ́ ń ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ mọ etí èèpo, ó mọ ibi tí yóò ti là. Àkànjí rá gba itan rẹ̀, ó rí ọmú mú fúnra rẹ̀. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: bóyá oòrùn ti wọ̀, bóyá igbá kan ò tíì kún. Ó na ọwọ́ sí ìborùn.

"Má ṣí i," ni ìyá àgbà wí jẹ́ẹ́. "Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ńkọ́?"

Ó padà sí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ló tú ìborùn náà fún un lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn. Ṣẹ̀gilọlá ni. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti pọ́n sí ẹnu ọ̀nà. Igbá mẹ́ta ló tò síwájú rẹ̀, gbogbo wọn ló ní orí ṣóńṣó. Ìka Ìbídùn ṣì ń rìn, ẹ̀gúsí ò sì sí nínú wọn mọ́.

"Ta ló bá ẹ bó o?"

"Èmi náà ò mọ̀, Ìyá."

Ó wo yàrá. Òkìtì náà ṣì kan àjà, àfi bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò bù ú rí. Síbẹ̀ igbá márùn-ún pé. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí èèyàn ṣe ń wo àlejò pàtàkì tó yẹ kí á kúnlẹ̀ kí.

Ṣẹ̀gilọlá gbé igbá karùn-ún lé e lórí. "Ṣé ọwọ́ tó o gbé wá níjẹta náà nìyí?"

"Ọwọ́ náà ni, Ìyá. Ojú nìkan ni mo ní kó yà fún un."

Ohun tí àwọn àgbà rí lọ́jọ́ náà nìyẹn, tó fi di pé wọ́n ń pa á lówe títí dòní pé: ojú lọ̀lẹ.