Amọ̀ Funfun Inú Àwo Ẹ̀gẹ́

Ó ti rẹ Ìbíwùnmí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rí i nínú bí ó ṣe jókòó: ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tó kàn án, bí arúgbó, bẹ́ẹ̀ mo bí ẹni tí ó dàgbà jù ú lọ. Opó ni. Ní ìlú wa yìí, Ìdí-Ọ̀dàn, ọ̀rá tí a fi ń di oúnjẹ, tí a ń dà nù káàkiri, ni ó dí ojú gọ́tà ní ọdún kan tí òjò pọ̀, àgbàrá sì gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá ohun tí ènìyàn lè jẹun nínú rẹ̀, kí ó sọ ọ́ nù, kí ilẹ̀ sì gbé e mì.

Ó rí i. Ó ń po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ mọ́ omi àti òróró díẹ̀, ó ń sè é títí yóò fi ki, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù, ó ń sá a, á sì di àwo. Bí a bá sin ín, òjò kì í pẹ́ sọ ọ́ di ilẹ̀. Gbogbo olóúnjẹ ìlú ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo náà kò lágbára. Bí ọbẹ̀ gbígbóná bá wọ inú rẹ̀, á rọ̀, á sì là mọ́ olóúnjẹ lọ́wọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé iná fẹ́ràn rẹ̀. Ẹyinná kan ṣoṣo ta sí ìdì àwo nínú búkà kan, búkà náà sì jó kanlẹ̀. Ni Baálẹ̀ àti àwọn àgbà bá sọ pé kí iṣu tuntun tó jáde, kí ó mú àwo tí iná kò lè gbé wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀, kí oníkálukú padà sí ọ̀rá.

“Ìyá,” ó wí, “bí wọ́n bá padà sí ọ̀rá, ohun tó pa ọkọ mi á tún pa ọkọ ẹlòmíràn. Mi ò sì ní agbára kankan lára mọ́.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sórí ẹní, Ọ̀fún ni ó jáde. Ti Òrìṣà-ńlá ni Ọ̀fún, ẹni tí ó fi amọ̀ mọ ènìyàn. Mo ní kí ó rú ìgbín àti obì, kí ó wọ aṣọ funfun lọ sí kòtò amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ojúbọ Òrìṣà, kí ó sì bu ìkúnwọ́ kan sínú ìkòkò sítáàṣì kọ̀ọ̀kan.

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Mo ṣàlàyé fún un pé amọ̀ kòtò náà yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń mọ ìkòkò. Òrìṣà dá a ní ọ̀pá-ọ̀pá, ó ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ó sì kéré débi pé ojú kankan kò lè rí i. Àwọn ọ̀pá náà ni yóò di sítáàṣì mú tí kò fi ní là. Bí iná bá dé, amọ̀ yóò bo ojú àwo, iná kò sì ní rí ọ̀nà wọlé.

“Ẹbọ náà kò tó nǹkan,” mo wí, “pínpín rẹ̀ ló le. Ibi gbogbo tí sítáàṣì bá wà ni kí amọ̀ dé. Èyí tó bá ṣù pọ̀ lójú kan, ẹbọ yẹn ò dà.”

Ládépò, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, ni ó bá a wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi Ìbíwùnmí pé ṣé yẹ̀pẹ̀ ni ó kù tí wọn yóò máa bù fún ènìyàn jẹ. Ó dìde, kò fọwọ́ kan obì. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Irú wọn ti sú mi.

Ìbíwùnmí rú ẹbọ. Ó fọ amọ̀, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó sì ń rò ó kí sítáàṣì tó wọ inú rẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, ó sì fi rírò náà sílẹ̀ láìpẹ́. Ó sunkún, ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Apá rẹ̀ wú débi pé aládùúgbò ni ó ń bá a wé gèlè. Nígbà tí ó yá, àwo rẹ̀ le, a tẹ̀ ẹ́, kò là.

Ládépò rí i, ojú sì kán an. Dípò kí ó tọrọ gáfárà, ó lọ kó amọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ronú pé bí Òrìṣà bá gba ìkúnwọ́ kan, agbọ̀n kan ni yóò dùn mọ́ ọn jù. Ó dà á ní gbígbẹ sínú ìkòkò, ó rò ó díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí àwọn àgbà pé, Baálẹ̀ da ọbẹ̀ gbígbóná sínú àwo méjèèjì. Ti Ìbíwùnmí dúró. Ti Ládépò fọ́ níbi tí amọ̀ ti ṣù, ọbẹ̀ sì dà sí Baálẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ẹyinná sí wọn. Ti obìnrin náà dúdú, ó rú èéfín, nígbà tí wọ́n mú ẹyinná kúrò, iná kú. Ti Ládépò gba iná níbi tí amọ̀ kò dé, ó sì jó tán. Baálẹ̀ ní kí Ìbíwùnmí máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ọ̀rá má ṣe padà wọ ìlú, kí Ládépò má sì dá àwo kankan tẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ládépò wá sí ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbíwùnmí fi orógùn lé e lọ́wọ́.

“Ọkọ mi, ẹ máa rò ó,” ó wí. “Bó bá rẹ̀ yín, ẹ ṣì máa rò ó.”

Ìbíwùnmí gbọ́ ẹbọ, ó rú u, ó là, gbogbo ìlú etílé ni ó ń wá àwo rẹ̀ báyìí. Ládépò fi ẹbọ rẹ́rìn-ín, ó sì kábàámọ̀. Apá ń dun àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń rí oorun sùn.