Máníjà Tuntun àti Ìyá Onílẹ̀

Àárọ̀ ọjọ́ tí Akínlàjà di máníjà ṣọ́ọ̀bù ló pariwo olè lé ìyá arúgbó kan lórí. Ìyá náà mú agolo mílíìkì kan, ó sọ ọ́ sápò, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà láìsanwó.

Àbẹ̀kẹ́, tó ti ń tajà níbẹ̀ tipẹ́, sáré dé. “Ọ̀gá, ẹ dákun, ìyá yìí…”

“Èmi àbí ìwọ ni máníjà?” Ló bá tú àpò ìyá lójú gbogbo oníbàárà.

Ìyá ní, “Ọmọ mi, àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Bi àwọn tó o bá níbí léèrè, ilẹ̀ ta lo dúró lé?”

Àbẹ̀kẹ́ wá ráyè sọ ọ́: ìyá ló ni ilẹ̀ náà. Agolo mílíìkì kan lójúmọ́ ni gbogbo ohun tó ń gbà lórí rẹ̀.

Akínlàjà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò lè gbójú sókè. Ìyá ní òun ti dárí jì í, ó fi agolo sílẹ̀ lórí káńtà, ó lọ.

Akínlàjà fúnra rẹ̀ ló ń gbé mílíìkì lọ sílé ìyá láràárọ̀ báyìí. Ìyá kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.