Ọkọ̀ Tó Fẹ̀yìn Wọ Èbúté

Ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn, ilẹ̀ àìmọ̀ wà níwájú, omi mímu sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú àmù. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìgbàrá ṣe rí ní òwúrọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ilẹ̀ tí à ń gbé lónìí. Òtútù ló lé wọn kúrò ní erékùṣù baba wọn. Yìnyín bo oko, kò sì yọ́ mọ́ ní àsìkò tó yẹ kó yọ́. Ọkà kú sínú ilẹ̀, àgùntàn ń jẹ irun ara wọn. Àfi bí ẹni pé ìyẹn ò tó, Jagunmólú, olórí àwọn ará Ọ̀wàrà, gbọ́ pé ebi ti sọ wọ́n di ahẹrẹpẹ, ó sì kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ láti wá kó wọn lẹ́rú. Gbogbo ìlú, àtàgbà àtọmọ ọwọ́, bọ́ sójú òkun nínú ọkọ̀ márùn-ún. Nígbà tí òkè ilẹ̀ tuntun yọ nínú kùrukùru, ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn yóò rí ìgbòkun pupa àwọn tó ń lé wọn.

Ẹfúnbùnmi, Agbófinsórí ilẹ̀ Ìgbàrá, ni gbogbo wọn ń wò. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ọba. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń pàdé nídìí àpáta kan ní gbangba, Agbófinsórí yóò gun orí àpáta, yóò sì ka òfin ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láti inú orí rẹ̀, nítorí wọn kò mọ̀wé kọ. Òfin tó bá fò, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí, ó kú nìyẹn. Ẹfúnbùnmi kò fo ọ̀kan rí. Ọmọ Òkunúgà, obìnrin tí òfin fi àyà rẹ̀ ṣe àká, a-sọ-ọ́-bó-ṣe-wà, bí olówó ń bínú, bí tálákà ń sunkún.

Òfin kan wà tó jẹ mọ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ará Ìgbàrá máa ń gbé orí òjòlá tí wọ́n fi igi gbẹ́ sí imú ọkọ̀ wọn, ẹnu rẹ̀ yà gbàgà, eyín rẹ̀ funfun, kí jìnnìjìnnì lè bo ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ojú òjòlá kò gbọdọ̀ rí ilẹ̀. Ilẹ̀ ní àwọn tó ni ín, àwọn tí a kì í fojú rí, tí wọ́n ń gbé inú òkè àti ìsun omi. Ẹni tó bá gbé ohun tó ń dẹ́rù bani wọlé tọ̀ wọ́n, wọn á sá fún un, ilẹ̀ tí wọ́n bá sì sá kúrò lórí rẹ̀ kò ní hu ọkà mọ́ láéláé. Nítorí náà, èèkàn igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń de orí náà mọ́ ọkọ̀, kó lè yá láti yọ kí wọ́n tó dé èbúté.

Ẹnu èbúté ọ̀hún há láàárín òkúta méjì. Ìgbà tí omi òkun bá kún nìkan ni ọkọ̀ lè gbabẹ̀ kọjá, omi náà sì ti ń padà lọ. Ọkọ̀ mẹ́rin yọ orí òjòlá wọn kíá. Ìkarùn-ún kò yọ tirẹ̀. Òkunrẹ́n, àbúrò Ẹfúnbùnmi, ló ni ín. Òun ni ọkọ̀ tó tóbi jù, inú rẹ̀ ni wọ́n sì kó àwọn ọmọdé àti àwọn abiyamọ sí, ìyá Ẹfúnbùnmi náà sì wà níbẹ̀.

Ẹfúnbùnmi mú kí ọkọ̀ tirẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó ní, "Òkunrẹ́n, kí lò ń dúró dè? Yọ èèkàn rẹ."

Òkunrẹ́n kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí èèkàn níbẹ̀. Ìṣó irin ni mo fi kàn án kí a tó kúrò nílé, kí ìjì má bàa gbé e lọ. Ogun ni mò ń rò. Mi ò rò ó pé a máa gúnlẹ̀ níbì kan."

"Fi àáké gé e."

"Bí mo bá gé e, imú ọkọ̀ á là. Omi á gbé àwọn ọmọ yìí mì kí a tó dé ẹnu ọ̀nà."

Baba Ṣówándé, tó dàgbà jù nínú wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Agbófinsórí, ẹ̀yin lẹ ka òfin yìí fún wa lórí àpáta. Kí ọkọ̀ yẹn dúró síta. Ọmọ ọmọ mi wà nínú rẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá kọ̀ wá, gbogbo wa la máa kú, ebi ló sì máa pa wá."

Ẹ̀rù ba Ẹfúnbùnmi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé akọni kì í bẹ̀rù. Ó wo ìyá rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ náà. Ìyá náà kò bẹ̀ ẹ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Ó ka òfin náà sínú, ó tún un kà, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà ló wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, láti imú dé ìdí, ó sì dìde dúró.

"Ará Ìgbàrá, ẹ gbọ́ mi. Òfin baba wa ni pé ojú òjòlá kò gbọdọ̀ rí ilẹ̀. Kò sọ pé ojú àwọn ọmọ wa kò gbọdọ̀ rí i. Bí imú ọkọ̀ wa ṣe rí ṣóńṣó náà ni ìdí rẹ̀ rí. Òkunrẹ́n, yí ọkọ̀ rẹ padà. Kí àwọn atukọ̀ yí ìjókòó wọn. Ìdí ni kẹ́ ẹ fi wọlé, kí òjòlá máa wo àwọn tó ń lé wa. Èmi ni màá jókòó sí ìdí ọkọ̀ náà, kó jẹ́ pé èmi ni ilẹ̀ máa kọ́kọ́ rí. Bó bá fẹ́ bínú, kó ti orí mi bẹ̀rẹ̀."

Baba Ṣówándé ní, "Bẹ́ ẹ bá ṣìnà ńkọ́?"

"Baba, bí mo bá ṣìnà, ilẹ̀ á sọ fún wa. Ṣùgbọ́n mi ò lè gun orí àpáta lọ́dún tó ń bọ̀, kí n máa ka òfin fún ìyá tí mo fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Jagunmólú."

Ó fò sínú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù wọlé. Ìkarùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọkọ̀ ńlá kì í sì í yí kíákíá. Àwọn atukọ̀ tí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọ̀nà kan ń fi àjẹ̀ kọlu ara wọn, egungun ọkọ̀ sì ń ha òkúta. Ilẹ̀ ni Ẹfúnbùnmi kọjú sí. Kò lè rí ọ̀tá. Ojú ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í, tó ń wo òkun, ló ń wò láti mọ bí wọ́n ti súnmọ́ tó. Ojú náà ń le sí i. Ẹfúnbùnmi ń ké sí àwọn atukọ̀ nígbà tó yẹ kí wọ́n fa àjẹ̀.

Lójú àwọn ará òkun, ọkọ̀ tó bá ń sá, ìdí rẹ̀ lẹ ó rí. Èyí tó bá kọjú sí yín, ìjà ló wá jà. Jagunmólú rí òjòlá tó yanu sí i láàárín òkúta méjì, ó sì gbà pé wọ́n ti ba dè é. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n so ọkọ̀ wọn pọ̀ mọ́ra, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ogun bá fẹ́ wọ̀ lójú omi, kí ọmọ ogun lè máa ti ọkọ̀ kan bọ́ sí èkejì. Wọ́n ṣì ń ta okùn nígbà tí ẹnìkan rí i pé òjòlá yẹn ń kéré sí i ni, pé ọkọ̀ náà ń wọlé lọ, kò dúró jà. Omi ti fà. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so pọ̀ jókòó sórí òkúta abẹ́ omi, èyí tó ń fọ́ ń fa èyí tí kò fọ́. Àwọn kan ní àwọn onílẹ̀ ló fa omi náà sẹ́yìn. Èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n omi tí ń lọ tí ń bọ̀ lójoojúmọ́ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀ ọkàn àwọn ará Ìgbàrá kò balẹ̀. Wọ́n gbin ìwọ̀nba irúgbìn tó kù, kò sì sí àárọ̀ kan tí wọn kì í lọ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Àwọn kan ń fojú burúkú wo Òkunrẹ́n. Ẹfúnbùnmi rù, kò lè jẹun, nítorí ó mọ̀ pé òun ti fi gbogbo ìlú ta tẹ́tẹ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù kí ọkà tó yọ orí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sunkún.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ wa, tí a torí ọjọ́ yẹn sọ ní Ẹ̀yìnkọ̀, ló ń fẹ̀yìn wọ èbúté. Ẹ̀yìn ni ìyàwó fi ń wọ ilé ọkọ, ẹ̀yìn ni a fi ń gbé ọmọ tuntun wọlé, kò sì sí agbẹ́gilére wa tó máa fi irin kan orí òjòlá. Nígbà tí Ẹfúnbùnmi kú, ọkọ̀ Òkunrẹ́n yẹn ni wọ́n fi ṣe pósí rẹ̀, wọ́n sin ín sórí òkè tó ga jù, òjòlá tí ìṣó rẹ̀ kò yọ títí dòní sì kọjú sí òkun. Òkunrẹ́n, tó ti di arúgbó, wà lára àwọn tó gbé òkú rẹ̀ lọ síbẹ̀. Òun ló di apá orí mú, ó sì fẹ̀yìn rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé orí òkè. Wọ́n ní kó yí padà, kó má bàa ṣubú. Ó ní òun ò ní gbójú kúrò lára ẹni tó mú òun wọlé.